Yìnyín Inú Fóònù, Ẹrẹ̀ Ojú Ọ̀nà: Bí Àwòrán Tí Ń Rìn Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Lẹ́jọ́

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ẹbí wa péjọ ní Kambolé láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè kà sí kékeré. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Sokodé, fẹ́ ra alùpùpù mìíràn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbó. Owó epo àti owó mẹkáníìkì ń jẹ èrè rẹ̀ tán kí ó tó délé. Ó ti gbọ́ nípa alùpùpù oníná mànàmáná, èyí tí kì í mu epo rárá, tí ó jẹ́ pé bátìrì ni ó ń gbé e rìn. Ó ti bá àwọn tí ń gun irú rẹ̀ ní Lomé sọ̀rọ̀. Ó ti ṣírò gbogbo owó rẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Ohun tí ó kù ni kí ẹbí yá a lówó tí yóò fi kún ti ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá wa kékeré, tí owó náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kò wo ìwé náà. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi fídíò kan hàn wá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí ara rẹ̀ ń dán bí abọ́ irin, há sínú yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan nínú igbó. Igi kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn, tí ó ń mu epo, fi okùn fà á jáde. Bàbá kékeré pa fóònù náà, ó ní: « Ẹ rí i fúnra yín. Oníná ni ọkọ̀ yẹn. Amẹ́ríkà ni ó sì wà o. Bí ti Amẹ́ríkà bá lè ṣe báyìí, kí ni tiwa yóò ṣe nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà Tchamba? » Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀. Ìpàdé tú ká, àbúrò mi kò sì rí owó gbà.

N kò lè dá bàbá kékeré lẹ́bi. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni ó mú ẹ̀rí tí a lè fojú rí wá. Ìṣirò ni àbúrò mi mú wá; èmi, tí a ń pè ní olùkọ́, kò mú nǹkankan wá. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun àkọ́kọ́ tí a sì ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n bi ẹ̀rí léèrè kí wọ́n tó gbà á gbọ́: ta ni ó ṣe é, níbo, nígbà wo, nítorí ta ni, kí ni ó sì fi sílẹ̀ láìsọ? À ń bi ìwé àwọn gómìnà Jámánì àti ti Faransé bẹ́ẹ̀ léèrè láti owúrọ̀ di ọ̀sán. A kì í bi fóònù. Àròkọ yìí ni ìgbìyànjú mi láti bi í.

Ọ̀rọ̀ yìnyín fúnra rẹ̀ yẹ kí ó dá wa dúró díẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà wa ń pè ní yìnyín ni omi dídì líle bí òkúta tí ó máa ń bá òjò ńlá wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà jẹ kí ó tó yọ́. Èyí tí ń bọ́ sílẹ̀ bí òwú ní ilẹ̀ òtútù, tí àwọn Faransé ń pè ní neige, a kò rí i rí. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ni a yá a lò. Àwọn mìíràn sì ń pè é ní òjò dídì. Èmi kọ́kọ́ rí i ní ilé fídíò kan ní Tchamba nígbà tí mo wà ní ọmọdé, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké ní ẹ̀yìn ògiri. Mo rò pé ìyẹ̀fun ni wọ́n dà sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa mọ̀ nípa yìnyín ilẹ̀ òtútù, inú àwòrán ni a ti mọ̀ ọ́n, a kò sì ní ẹlẹ́rìí kejì tí a lè fi wé e. Nígbà tí ẹnì kan ní Kambolé bá ń wo ọkọ̀ oníná nínú yìnyín, ohun méjì tí kò fọwọ́ kàn rí ni ó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Fídíò bàbá kékeré kì í ṣe irọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, nínú igbó ìjọba tí ń jẹ́ Stanislaus ní California. Cybertruck ti ilé-iṣẹ́ Tesla ni ọkọ̀ náà. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Igi Kérésìmesì ni ó rù. Ọkọ̀ Ford ni ó fà á jáde. Gbogbo ayé ni ó wò ó, nítorí pé ariwo ti pọ̀ lórí ọkọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń dúró dè é kí ó ṣubú. Ṣùgbọ́n kí ni fídíò náà fi hàn? Ó fi hàn pé ọkọ̀ kan há. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó sọ fún wa pé iná bátìrì tán, tàbí pé mọ́tò oníná kú. Ohun tí ó máa ń mú ọkọ̀ dúró nínú yìnyín, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú un dúró nínú ẹrẹ̀, ni pé táyà kò rí ilẹ̀ dì mú mọ́. Irú táyà, ìwúwo ọkọ̀, gígẹ̀rẹ́ ilẹ̀ àti ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń pinnu èyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ọ̀nà eléruku wa ní oṣù Kẹjọ ti rí ọkọ̀ epo tí ó rì dé ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ tì í, tí wọ́n fi ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà. A kò torí ìyẹn sọ pé epo kò dára.

Òtútù, ní tirẹ̀, ní ọ̀ràn gidi. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, òtútù mú ìlú Chicago débi pé ó rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo lọ. Àwọn ọkọ̀ oníná tò lọ bí ẹni tò fún omi níbi tí wọ́n ti ń gba iná, àwọn mìíràn sì kú síbẹ̀. Fídíò ìwọ̀nyí pẹ̀lú dé ọ̀dọ̀ wa. Òótọ́ ni wọ́n: èròjà inú bátìrì lithium máa ń lọ́ra nígbà tí ó bá tutù, iná rẹ̀ máa ń tètè tán, kì í sì í tètè gba òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù kan náà, ní Norway, tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn ènìyàn ń gun ọkọ̀ oníná lọ sí ibi iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà níbẹ̀ ní ọdún 2023, ó ju mẹ́jọ lọ tí ó jẹ́ oníná. Ní ọdún 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò wọn máa ń dán àwọn ọkọ̀ náà wò nínú yìnyín lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń kọ iye ibùsọ̀ tí òtútù gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àdánwò náà kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, nítorí náà kì í dé Kambolé. Ọkọ̀ tí ó gbé olówó rẹ̀ délé láyọ̀, ta ni yóò ya àwòrán rẹ̀?

Ọ̀ràn pé kí àwòrán tí ń rìn máa sọ fún ènìyàn bí ọkọ̀, ọ̀nà àti ilẹ̀ ẹlòmíràn ti rí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn ará Lumière kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran sinimá ní Paris. Ní ọdún 1899, kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà, ní Achères lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris kan náà, Camille Jenatzy ará Belgium wa ọkọ̀ kan tí ó ń jẹ́ La Jamais Contente, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bátìrì ni ó ń gbé ọkọ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í gbà á gbọ́ nígbà tí mo bá sọ ọ́. Sinimá àti ọkọ̀ oníná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Epo ni ó wá já ọkọ̀ oníná sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé Sokodé wọ inú ìtàn sinimá kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1913, ará Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Hans Schomburgk, ọdẹ àti arìnrìn-àjò, gúnlẹ̀ sí Lomé. Òṣèré obìnrin kan, Meg Gehrts, bá a wá, àti ayàwòrán kan tí ó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, James Hodgson. Wọ́n gba ọ̀nà àríwá lọ títí wọ́n fi dé Sokodé àti kọjá rẹ̀. Ní Paratao, ìlú ọba àwọn Tem, wọ́n ya àwọn ẹlẹ́ṣin tí aṣọ ẹṣin wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, irú èyí tí a ṣì ń rí ní Sokodé nígbà ọdún Adossa. Wọ́n ya obìnrin tí ń rànwú, wọ́n ya alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ya eré àtinúdá. Ọ̀kan nínú wọn ni Die weiße Göttin der Wangora, ìtàn ọmọbìnrin òyìnbó kan tí àwọn ènìyàn dúdú tọ́ dàgbà tí ó sì di òòṣà wọn. Àwọn ará ilẹ̀ wa, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀, oníṣòwò àti Mùsùlùmí, ni wọ́n wọ aṣọ « ará igbó » fún nínú eré náà.

Mo máa ń dúró pẹ́ lórí ìtàn yìí nínú kíláàsì, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Kámẹ́rà kan náà ni. Ilẹ̀ kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ náà. Ní òwúrọ̀, ohun tí ó yà lè jẹ́ òótọ́: ẹlẹ́ṣin kan tí ó jẹ́ ẹlẹ́ṣin nítòótọ́. Ní ọ̀sán, ohun tí ó yà jẹ́ àròsọ. Òǹwòran tí ó jókòó sí Berlin tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò ní ọ̀nà láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà tí kámẹ́rà náà kò mú ní iwájú: àwọn tí ó rù ú. Ọkọ̀ ojú irin kò kọjá agbègbè Atakpamé nígbà náà. Láti ibẹ̀ lọ sókè, orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà kọjá. Àpótí fíìmù, àgọ́, oúnjẹ òyìnbó, gbogbo rẹ̀ ni ó gun orí àwọn aláàárù. Iṣẹ́ ipá ni wọ́n fi la ọ̀nà tí wọ́n rìn. Meg Gehrts kọ ìwé kan nípa ìrìn-àjò náà, ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1915. Nígbà náà Jámánì ti pàdánù Togo, nítorí pé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n ti túúbá fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àwòrán náà pẹ́ láyé ju ìjọba tí ó yà á lọ.

Lẹ́yìn ogun, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wá rí i pé kámẹ́rà lè bá wọn ta ọjà. André Citroën mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní òpin ọdún 1922, ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ní ẹsẹ̀ rọ́bà bí ẹ̀wọ̀n gbéra láti Touggourt ní Algeria, wọ́n la Sàhárà kọjá, wọ́n sì dé Timbuktu ní oṣù Kìíní ọdún 1923. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1924, mẹ́jọ nínú wọn tún gbéra láti Colomb-Béchar, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil ni olórí wọn. Oṣù Kẹfà ọdún 1925 ni wọ́n dé Madagascar. Léon Poirier bá wọn lọ pẹ̀lú kámẹ́rà. Fíìmù rẹ̀, La Croisière noire, jáde ní ọdún 1926, ó sì gba gbogbo ilẹ̀ Faransé kan. Ohun tí òǹwòran rí ni ọkọ̀ tí ó ń ja iyanrìn, tí ó ń la odò, tí kò sì ṣeé dá dúró. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ni pé wọ́n ti rán àwọn ènìyàn lọ ṣáájú láti tọ́jú epo, oúnjẹ àti ẹ̀yà ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà, àti pé àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe ìrànwọ́. Ọkọ̀ náà dára. N kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ọ̀kan nítorí fíìmù náà kò lè ra àwọn tí ó gbé epo síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọkọ̀ akẹ́rù oníná, kí a má baà rò pé ìgbà àtijọ́ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Nikola gbé fídíò ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan jáde. Ọkọ̀ náà ń sáré lọ geere lójú ọ̀nà kan ní Utah, ẹni tí ó wò ó kò ní ṣiyèméjì pé agbára inú rẹ̀ ni ó ń gbé e. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn olùwádìí tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hindenburg Research tú àṣírí náà: wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa yí wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé àwọn kò sọ nínú fídíò náà pé agbára rẹ̀ ni ó fi ń rìn. Àwọn kàn sọ pé ó ń rìn ni. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ kíyè sí ìdáhùn yẹn dáadáa. Ilé ẹjọ́ dá Trevor Milton, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́bi ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé ó tan àwọn olówó jẹ. Wọ́n ní kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, kí Ààrẹ Trump tó dáríjì í ní oṣù Kẹta ọdún 2025.

Fídíò méjì ni a ní báyìí. Ọ̀kan ní ọkọ̀ tí ó lè rìn ṣùgbọ́n tí ó há. Òmíràn ní ọkọ̀ tí kò lè rìn ṣùgbọ́n tí ó ń sáré. Àbúrò mi ti rí fídíò àwọn oníṣòwò, bàbá kékeré ti rí fídíò àwọn ẹlẹ́yà. Àwọn méjèèjì ni ojú wọn rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó rí ọ̀nà Sokodé sí Kambolé nínú ohun tí wọ́n wò.

Ọ̀nà yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a fi í ṣe òṣùwọ̀n. Kí ọkọ̀ tó dé, Sokodé ti jẹ́ ibùdó àwọn oníṣòwò obì tí ń lọ láti Salaga sí Djougou àti kọjá rẹ̀, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹrù orí. Ní ìgbà Faransé, ìlà ọkọ̀ ojú irin gùn sókè títí dé Blitta ní àwọn ọdún 1930, ó sì dúró síbẹ̀ títí. Láti Blitta sí Sokodé, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Iṣẹ́ ipá tí a fi ń tún ọ̀nà ṣe kò dópin lábẹ́ òfin títí di ọdún 1946. Àwọn àgbà wa kò gba ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́ nítorí fíìmù kankan. Wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé ó gba ẹrù kúrò lórí wọn, àti nítorí pé nígbà tí ó bá bàjẹ́, ọmọ ìlú kan wà tí ó ti kọ́ bí a ti ń tún un ṣe. Ìwádìí tiwọn lọ́ra, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà wọn ni wọ́n ti ṣe é.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo alùpùpù oníná, ìbéèrè náà yí padà. Láti ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ M Auto, tí a wá ń pè ní Spiro, ti mú irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wọ Togo àti Benin. Awakọ̀ kì í dúró de bátìrì kí ó gba iná. Yóò kó èyí tí ó ti tán sílẹ̀ ní ibùdó, yóò sì gbé èyí tí ó kún. Ní ìlú ńlá, ètò yìí mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n láàárín Tchamba àti Kambolé, ibo ni a óò ti pààrọ̀ rẹ̀? Bí a bá ń gba iná nílé, kí ni a óò ṣe lọ́jọ́ tí iná bá lọ? Iye wo ni bátìrì tuntun yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ta ni ó sì lè ṣí i tún ṣe ní Sokodé? Lórí gbogbo rẹ̀, ooru ńkọ́? Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù fún ìgbà díẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti móoru, agbára náà á padà. Ooru tí ó bá pẹ́ lára rẹ̀ ni ó máa ń gbó o, èyí kì í sì í padà. Oṣù Kẹta ni ó yẹ kí á bẹ̀rù, kì í ṣe yìnyín. Bàbá kékeré lè jẹ́ ẹni tí ó tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tí ó mú wá kò bá ẹjọ́ tí ó ń dá mu.

Ohun kan náà ni ó yẹ kí á sọ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Blitta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti dúró, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 50. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀. Epo tí ó wà nínú alùpùpù àbúrò mi, òkun ni ó gbà wá. Iná ti Blitta, orí ilẹ̀ wa ni oòrùn rẹ̀ ti ń ràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìjọba Ethiopia kéde pé òun kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń mu epo wọlé mọ́, nítorí pé owó epo ń tán wọn lówó nígbà tí omi odò wọn ń fún wọn ní iná. Kò sí yìnyín nínú ìṣirò wọn. N kò rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni ní ìlú wa.

Nígbà tí a wọlé, mo gbé ọ̀ràn náà lọ sí kíláàsì première. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fídíò ọkọ̀ oníná kan wá, kí ó sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún tí a máa ń bi ìwé àtijọ́. Wọ́n mú fídíò méjìlélọ́gbọ̀n wá. Yìnyín wà nínú mọ́kànlá. Ẹrẹ̀ wà nínú méjì. Kò sí èyí tí a ti gbọ́ èdè kan tí a ń sọ láàárín Sokodé àti Kambolé, ìbáà ṣe Tem, ìbáà ṣe Akasélém, ìbáà ṣe Nàgó tiwa àti ti àwọn ará Manigri. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: « Ọ̀gá, nígbà náà àwa kò sí nínú ẹ̀rí náà. » N kò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Ní oṣù Kẹwàá, kí òjò tó dáwọ́ dúró, ojúlùmọ̀ àbúrò mi kan gbé alùpùpù oníná kan wá sí Sokodé láti Lomé. Mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà kí wọ́n yà á lójú ọ̀nà alámọ̀ kan lẹ́yìn òjò. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe òfin: wọn kò ní gé fídíò náà, wọn yóò fi iye iná bátìrì hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, wọn yóò sọ ọjọ́, ibi, iye ènìyàn tí ó gùn ún, àti ẹni tí ó ni alùpùpù náà. Fídíò náà gùn, ó sì ń súni. Ní ibì kan ó há, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tì í, ó tún gùn ún. Ẹlẹ́dẹ̀ kan gba iwájú wọn kọjá. Kò sí orin nínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ fún bàbá kékeré. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mú kí n padà síbi tí ó ti há lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní: « Ta ni ó mú fóònù dání? Ẹni tí ó ń tà á ni, àbí ọmọ ilé-ìwé? »

Mo ní: « Ọmọ ilé-ìwé ni, bàbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ni mẹkáníìkì tí ó ń tún ti àbúrò mi ṣe. »

Ó ronú díẹ̀. « Nígbà náà kò fẹ́ kí ó yege. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yà á ní oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn bá mú, láti Tchamba wá síhìn-ín, pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn. Kí ọmọ náà sì fi ìwé ìṣirò yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. »

Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọjọ́ kan sí oṣù Kẹta.